Ìròyìn kan ní awọ ọpọlọ Màámi ló wú, èkejì ní kókó ni. Èwo ni ká gbà?

Ọmọ Alárọ · Àbámẹ́ta, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á.

Màámi jẹ́ ẹni ọdún 54, aṣọ àǹkárá ni wọ́n ń tà n'Íbàdàn. Oṣù mọ́kànlá rèé tí orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, apá òsì ṣáá. A rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, torí wọ́n ti ń lo oògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún wọn á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀, á tó ìṣẹ́jú kan, á sì dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí wọ́n ṣubú ní ìsọ̀, tí gbogbo ara ń gbọ̀n rìrì, la sáré gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

MRI fi hàn pé awọ tó bo ọpọlọ lápá òsì ti nípọn, ó tẹ́ lọ bí ẹní, ọpọlọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì wú. Kò sí kókó roboto kankan téèyàn lè nàka sí pé òun rèé. Ẹ̀jẹ̀ Màámi kéré, PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn, jẹ́ 24. ESR, àyẹ̀wò tó máa ń ga bí nǹkan bá wú nínú ara, jẹ́ 112. Wọ́n fa omi ẹ̀yìn: purotéènì inú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ṣúgà rẹ̀ dára. GeneXpert, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife, ní kò sí i. HIV, kò sí. VDRL, àyẹ̀wò sífílíìsì, kò sí.

Síbẹ̀, dókítà ní bí awọ ọpọlọ bá nípọn báyìí nílẹ̀ wa, ikọ́ ife ni òun máa kọ́kọ́ fura sí. Ó kọ oògùn ikọ́ ife oríṣi mẹ́rin pọ̀ mọ́ dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú wíwú rọlẹ̀. Ẹ̀yin ará, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Màámi dìde! Orí ò fọ́ mọ́, àmàlà ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a pa ewúrẹ́. Wọ́n ní ká máa dín dexamethasone kù, orí fífọ́ padà dé. A fi kún un, ó lọ. A dín in kù, ó dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lóṣù keje ni wọ́n tó gé ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìròyìn tó jáde ní àwọn sẹ́ẹ̀lì wíwú nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí àmì ikọ́ ife, kò sí jẹjẹrẹ. Ni wọ́n bá tún ẹjọ́ dá pé àìsàn IgG4 ni, èyí tí ọmọ-ogun ara ń bá ara jà. A bọ́ sórí prednisolone, sítẹ́rọ́ìdì míì. Ojú Màámi wú, ṣúgà wọn gòkè, oorun ò kun wọn mọ́, orí sì ń fọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká gbé wọn lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí orí tí wọ́n yọ ohun tó ṣeé yọ. Ìròyìn rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì: lymphoplasmacyte-rich meningioma, WHO grade 1. Kókó tó hù lára awọ ọpọlọ ni wọ́n ní ó jẹ́!

Ilé ìwòsàn méjì yìí, ta ló ń parọ́ fún wa? Grade 1 yẹn ńkọ́, ṣé jẹjẹrẹ ni?

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú · 9:31 alẹ́

Olúwa á fọwọ́ tọ́ Màámi o. Ṣùgbọ́n má tíì bú dókítà àkọ́kọ́. Ìyàwó àbúrò mi, ikọ́ ife inú orí ló ṣe é lóòótọ́, kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún kan gbáko ló fi lo oògùn, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi Fanta. Ó ti bímọ kejì báyìí.

Aládàáńlá · 9:40 alẹ́

Orí tó ń lọ tó ń bọ̀, ọfà ni. Owó yín ni àwọn yẹn ń jẹ.

Ọmọ Alárọ · 9:44 alẹ́

Ẹ ṣeun sà. Wọ́n ti ṣí orí náà, wọ́n sì ti yọ ọfà ọ̀hún. Ó wà nínú ike ní yàrá àyẹ̀wò.

Bàbá Tíṣà · 9:52 alẹ́

Háà! Ọmọ yìí ò ní pa mí.

Olùka-Gíláàsì · 11:20 alẹ́

Ọmọ Alárọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ẹran ara lábẹ́ maikirosíkóòpù, nítorí náà mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún yín.

Ẹ wò ó báyìí. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ọjà Ọba. Kí ọlọ́pàá tó dé, igba èèyàn ti pé lé àwọn méjì tó ń jà lórí. Bí ọlọ́pàá bá dúró ní igun kan tó ya fọ́tò kan ṣoṣo, èrò ìwòran nìkan ló máa wà nínú fọ́tò náà. Á lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrò pọ̀ níbẹ̀, òun ò rí oníjà. Irọ́ kọ́ ló kọ. Bí kókó tí wọ́n yọ lórí Màámi ṣe rí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì kókó gan-an ò tó nǹkan, wọ́n fọ́n ká níwọ̀nba níwọ̀nba. Àwọn ọmọ-ogun ara, ìyẹn lymphocyte àti sẹ́ẹ̀lì plasma, ló kún ibẹ̀ dẹ́nu. Ẹran tí wọ́n kọ́kọ́ gé, ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé bíńtín ni. Igun kan nínú ọjà nìyẹn.

Meningioma lápapọ̀ kì í ṣe àjèjì. Lára àwọn kókó tó ń ti inú orí àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀, òun ló wọ́pọ̀ jù, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1922. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń rí roboto, ó máa ń dá dúró, dókítà ò ní pẹ́ dá a mọ̀ lójú skánì. Ìwé ìpínsísọ̀rí tí WHO gbé jáde ní 2021 ka oríṣi 15. Ti Màámi wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1971 ni Banerjee àti Blackwood ròyìn ọ̀kan tó wà lábẹ́ iwájú ọpọlọ, tó jọ kókó sẹ́ẹ̀lì plasma, tó tún jọ meningioma. Ní 1979, Horten àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó márùn-ún jọ. Látìgbà náà, bí ọ̀pọ̀ ìròyìn rẹ̀ ṣe ń jáde nìyẹn, aláìsàn kan níbí, méjì lọ́hùn-ún. Dókítà lè fẹ̀yìn tì láìrí ẹyọ kan.

Ọ̀nà tá a fi ń wá oníjà láàárín èrò ni pé a máa ń fi àwọ̀ àrà ọ̀tọ̀ kun ẹran náà. EMA wà, SSTR2A wà, PR wà, àwọn àwọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì meningioma máa ń gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan: EMA nìkan lè tan èèyàn jẹ, torí sẹ́ẹ̀lì plasma náà máa ń gbà á nígbà míì. SSTR2A ni èmi fọkàn tán jù, bí mo bá sì tún rí i tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ká bí ìkarahun ìgbín, ọkàn mi balẹ̀. A tún gbọ́dọ̀ yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì plasma wò bóyá wọ́n mú purotéènì oríṣi méjì, kappa àti lambda, jáde. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ṣe, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì plasma tàbí ti lymphocyte la máa máa wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ràgbàdà tó gbé sẹ́ẹ̀lì mìíràn mì, tó sì gba àwọ̀ S100, àìsàn míì tó ń jẹ́ Rosai-Dorfman nìyẹn.

Grade 1: kì í ṣe irú èyí tó ń sáré ká ara. Ó lè padà wá o, pàápàá bí ó bá tẹ́ bí ẹní tí wọn ò lè ká gbogbo rẹ̀. Ẹ máa ya MRI nígbàkigbà tí wọ́n bá ní kí ẹ wá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹran tí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ gé, wọn ò jù ú nù. Wọ́n rì í sínú ìda, ó ti di búlọ́ọ̀kù kékeré kan. Ẹ lọ fi ìwé béèrè rẹ̀, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ka èkejì, kí wọ́n tún un gé.

Ọmọ Alárọ · Àìkú, 6:02 àárọ̀

Dókítà, mo kà á fún Màámi. Wọ́n ní àpèjúwe Ọjà Ọba yẹn yé àwọn dáadáa, àwọn ti jẹ́ ẹlẹ́rìí ìjà níbẹ̀ rí.

Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bí kókó bá ni, kí ló dé tí sítẹ́rọ́ìdì fi ń gbà á? Ohun tó mú gbogbo wa gbà pé wíwú ni nìyẹn. Dókítà gan-an sọ ọ́: "Oògùn ti jẹ́rìí sí i."

Nọ́ọ̀sì Peckham · 8:47 àárọ̀

Oògùn yẹn kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé, àbúrò. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ orí ni mo wà ní London níbí. Ẹni tó ní kókó gidi nínú ọpọlọ, a máa ń fún un ní dexamethasone kó tó wọ tíátà, tí a sì mọ̀ dájú pé kókó ni! Ohun tí oògùn náà ń ṣe ni pé ó ń fa omi tó rọ̀gbà yí kókó ká gbẹ. Omi yẹn ló ń fún ọpọlọ mọ́ agbárí, òun ló ń jẹ́ kí orí fọ́. Omi lọ, orí fúyẹ́, aláìsàn ń béèrè oúnjẹ. Kókó ṣì jókòó síbi tó wà. Oríṣi ti Màámi tún wá kún fún sẹ́ẹ̀lì wíwú, tí sítẹ́rọ́ìdì lè mú kù lóòótọ́, nítorí náà ìtànjẹ rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Mo tún rí nǹkan míì nínú ìtàn yín. Rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn ikọ́ ife mẹ́rin yẹn, òun ló ń sọ ìtọ̀ di Fanta. Ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè run sítẹ́rọ́ìdì. Ìwọ̀n tí ẹ ń gbé mì kọ́ ni ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ lára Màámi. Ìlọ-àbọ̀ orí fífọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí rifampicin lọ́wọ́ sí i.

Ẹ gbọ́ o: ẹni tó ti lo prednisolone fún oṣù púpọ̀ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, ì báà jẹ́ pé ìròyìn tuntun ní kò wúlò. Ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Dókítà ló máa là á sílẹ̀ fún yín bí ẹ ó ṣe máa dín in kù. Ẹni bá dá a dúró lójijì lè dákú, ó lè ju ìyẹn lọ.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀bú · 9:15 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ṣé lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún wọ́n máa ń tètè mọ̀ ọ́n?

Nọ́ọ̀sì Peckham · 9:22 àárọ̀

Rárá o, Màmá. Níbí, ikọ́ ife kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, sarcoidosis ni, àìsàn wíwú míì. Orúkọ yí padà, ìdúró kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣan · 1:05 ọ̀sán

Mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ láti di dókítà ọpọlọ àti iṣan, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo ń kẹ́dùn fún dókítà àkọ́kọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Téèyàn bá rí MRI tí awọ ọpọlọ nípọn rẹrẹ, ohun tó lè fà á ò lóǹkà: ikọ́ ife, sarcoidosis, IgG4, GPA, ìyẹn wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí àyẹ̀wò ANCA máa ń fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀, sífílíìsì, jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn rìn wá, lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ lymphocyte. Kò sí ìkankan tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú orí. GeneXpert tó ní kò sí náà kò lé ikọ́ ife lọ, torí kòkòrò inú omi ẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá jókòó lásán de ẹ̀rí lè jókòó títí ikọ́ ife á fi pa aláìsàn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn kọ́ ni mo bá wọn wí sí.

Ibi tí mo ti bá wọn wí ni oṣù keje yẹn. Sítẹ́rọ́ìdì kùnà lẹ́ẹ̀kan, kò burú. Ó kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ lọ gé ẹran. Ẹ tún jẹ́ kó tóbi, kó ní awọ, kó sì dé ibi tó ń tàn yòò jù lójú MRI. Àwọn àmì kéékèèké náà wà nílẹ̀ tí wọn ò bára mu. Ṣúgà omi ẹ̀yìn dára, bẹ́ẹ̀ ikọ́ ife awọ ọpọlọ sábà máa ń jẹ ẹ́ kù. Apá kan orí ṣoṣo lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ kéré, ESR lọ sókè réré. Ṣé wọ́n wọn èròjà IgG, ohun ìjà ara tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, lápapọ̀?

Ọmọ Alárọ · 1:30 ọ̀sán

Bẹ́ẹ̀ ni. IgG ga, IgA náà ga. Wọ́n kọ ọ́ pé "polyclonal". IgG4 nìkan ga díẹ̀, òun ni wọ́n rọ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣan · 2:11 ọ̀sán

Ẹ rí i? Polyclonal, ìyẹn ni pé oríṣiríṣi ni gbogbo wọn jọ gòkè, kì í ṣe ìdílé kan ṣoṣo bíi ti myeloma, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì plasma. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré àti èròjà yìí tó ga, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ nípa irú meningioma yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Kókó náà ń tú èròjà jáde, interleukin-6 ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí, òun ló ń rán ọmọ-ogun ara níṣẹ́ kiri. Nínú àwọn kan, bí wọ́n ṣe yọ kókó tán, ẹ̀jẹ̀ gòkè padà láìfún wọn ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni mo máa wò lára Màámi.

Ní ti IgG4, àwọn ọ̀mọ̀ràn jókòó ní Boston, wọ́n tẹ ìpinnu wọn jáde ní 2012. Ní awọ ọpọlọ, ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì IgG4 ju 10 lọ ní ojú kan lábẹ́ maikirosíkóòpù, kó sì ju 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo sẹ́ẹ̀lì IgG lọ. Àwọn èèyàn máa ń ka iye yẹn tán, wọ́n á gbàgbé ìyókù: ó yẹ kí ẹran náà tún ní àpá tó hun bí ẹní, pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti dí. Iye sẹ́ẹ̀lì nìkan ò dá ẹjọ́. Kókó ti Màámi náà lè ní sẹ́ẹ̀lì IgG4 nínú.

Mo ní àríyànjiyàn kékeré pẹ̀lú Olùka-Gíláàsì o. Àwọn kan ní èyí kì í ṣe oríṣi ọ̀tọ̀ rárá, pé meningioma lásán tí ọmọ-ogun ara ya lù ni.

Olùka-Gíláàsì · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Mo mọ̀. Èmi náà ti fura bẹ́ẹ̀, torí bí èèyàn bá gé ẹran náà jìnnà sí àárín èrò, nígbà míì á kàn bá meningioma tó dà bí ti gbogbo ayé. WHO ṣì fi í sínú 15 yẹn, kí á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó ṣe fún Màámi ò tó ká jà.

Ohun tó ká mi lára ni ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n á kọ "awọ ọpọlọ, ?TB", ó tán. Wọn ò ní fi ìròyìn MRI sí i, wọn ò ní sọ pé sítẹ́rọ́ìdì ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ka ẹran àkọ́kọ́, ikọ́ ife ni wọ́n ní kó wá, ikọ́ ife náà ló wá. Bí wọ́n bá ti kọ "?meningioma" mọ́ ọn, á ti na ọwọ́ sí SSTR2A. Owó àwọ̀ yẹn náà ò kéré, aláìsàn ló sì ń san án.

Bàbá Tíṣà · 5:18 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń ka gbogbo yín. Mo rántí ìgbà tí Latunde Odeku darí dé sí UCH Ìbàdàn ní 1962, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Nígbà yẹn bàbá mi ní ta ló fẹ́ jẹ́ kí wọ́n ṣí orí òun. Ẹ wá wò ó lónìí.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ béèrè. Kí la máa pe meningioma ní Yorùbá? Mo dábàá "kókó awọ ọpọlọ". Ẹ má pè é ní jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ yẹn ti pa aláìsàn kí àìsàn tó pa á.

Aládàáńlá · 5:33 ìrọ̀lẹ́

Kókó awọ ọpọlọ dára, sà. Ọmọ Alárọ, má bínú sí ti àná. Ìyá tèmi náà kú lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣàlàyé.

Ọmọ Alárọ · 5:50 ìrọ̀lẹ́

Kò sí ìbínú rárá, sà. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ Alárọ · ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú, 7:26 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

A gba búlọ́ọ̀kù ìda yẹn. Ìgbà mẹ́rin ni mo lọ, wọ́n ní kò sí, wọ́n ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ò wá. Ìgbà karùn-ún, obìnrin kan ní yàrá àyẹ̀wò ṣàánú mi, ó wá a títí ó fi rí i. Àwọn tó ka èkejì tún un gé, wọ́n fi SSTR2A kùn ún. Ẹ̀yin ará, ó wà níbẹ̀! Ìdì kékeré mẹ́ta péré, ní etí kan, láàárín àìmọye sẹ́ẹ̀lì plasma. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí kọ̀ǹpútà: àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ níbi tí gbogbo ìyókù ti jẹ́ búlúù. Mo jókòó, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Dókítà ti dá oògùn ikọ́ ife dúró. Prednisolone, a ti dín in dé ìdajì tábúlẹ́ẹ̀tì. PCV tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ajé jẹ́ 35, a ò fa ẹ̀jẹ̀ kankan sí wọn lára láti ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ. ESR 28. MRI tuntun fi hàn pé díẹ̀ ṣì kù lẹ́bàá iṣan ńlá kan tí wọn ò fẹ́ fọwọ́ kàn. Wọ́n ní ká padà wá ya òmíràn lóṣù mẹ́fà, bí ó bá ń dàgbà, wọ́n á sọ̀rọ̀ ìtànṣán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣan · 7:41 alẹ́

Láti 24 sí 35! Ohun tí mo ní ẹ máa wò nìyẹn. Oògùn gìrì ńkọ́?

Ọmọ Alárọ · 7:48 alẹ́

Wọ́n ṣì ń lò ó, levetiracetam. Ó ń kan wọ́n nínú díẹ̀, wọ́n ń bú gbogbo wa.

Nọ́ọ̀sì Peckham · 7:55 alẹ́

Oògùn yẹn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ẹ sọ fún dókítà, ó lè pààrọ̀ rẹ̀. Bó sì bá jẹ́ pé ìwà Màámi nìyẹn tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé ara ti ń yá.

Ọmọ Alárọ · 8:03 alẹ́

Hahaha. Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà láti 1998. Wọ́n ti ní kí n lọ ká àwọn aṣọ tó wà ní ìsọ̀, kí n kọ iye rẹ̀ wá, pé ẹni tí àwọn fi síbẹ̀ ti tà á ní gbàǹjo.